Rélùwéè Màámi àti Odò Volta

  Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó má pa iná nítorí tèmi. Kó kàn yí rédíò sókè díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Connecticut, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: òun, ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn nínú rélùwéè ayé àtijọ́, èyí tó ń jẹ èédú, tí èéfín ń rú túú lórí rẹ̀. Essex ni wọ́n ń pe ìlú tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Láti ọdún 1871 ni ọkọ̀ ti ń gba ojú irin yẹn kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ tán lórí rẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rélùwéè kò jẹ́ kó jẹrà. Wọ́n tún un ṣe, nígbà tó sì di 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé àwọn tó wá ṣe fàájì. Rélùwéè á gbé yín dé etí odò ní Deep River, ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Becky Thatcher, ẹ ó gbafẹ́ lórí odò Connecticut, rélùwéè á tún kó yín padà sílé. Kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ lọ.

Àwọn ọmọ mi wo fídíò yìí títí bátìrì fóònù fi kú. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló wá bi mí pé, “Daddy, ṣé irú ẹ̀ ò sí ní Ghana ni?” Mo lanu, n kò tí ì rí èsì fọ̀ nígbà tí Màámi, tí wọ́n jókòó sí ìdí fèrèsé níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, dáhùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, “Ó wà. Mo ti wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ.”

Bí ìrìn àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí n má parọ́ fún yín, kò sí rélùwéè eléèéfín tí ẹ lè san owó wọ̀ ní Accra báyìí kó gbé yín lọ síbi ọkọ̀ ojú omi. Ojú irin tó lọ láti Accra dé Kumasi, èyí tí wọ́n là parí ní ọdún 1923 nígbà tí Guggisberg jẹ́ gómìnà, koríko ti gba ibi púpọ̀ lórí rẹ̀. Ibòmíràn ẹ̀, ìsọ̀ ni wọ́n pa sórí irin, àwọn obìnrin ń ta tòmátì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí rélùwéè, odò ṣì wà, ìyá mi náà sì wà. Mo yá bọ́ọ̀sì trotro kan ní ọjọ́ Sátidé, dírẹ́bà wa sì mọ ọ̀nà Akosombo bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé. Ìyàwó mi wọlé, àwọn ọmọ mẹ́ta wọlé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé. Màámi, ẹni ọdún 81, jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Kò sẹ́ni tó bá wọn du ààyè yẹn.

A gba Ashaiman, a gba Afienya. Nítòsí Afienya ni ìyàwó mi ti na ọwọ́ sí ojú irin tuntun lápá ọ̀tún, irin tó ń dán, òkúta funfun lábẹ́ rẹ̀. Èyí ni ojú irin Tema sí Mpakadan, nǹkan bíi kìlómítà 97, tí wọ́n ṣí ní November ọdún 2024. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ là á ni pé kí ẹrù láti èbúté Tema lè gba ojú irin dé etí adágún Volta, kí ọkọ̀ ojú omi gbà á níbẹ̀ lọ sí àríwá. Rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn. Ohun tí àwọn ará Essex ń fi ṣeré, àwa fẹ́ fi kó sìmẹ́ńtì. N kò sọ ìyẹn láti fi bú ẹnikẹ́ni o. Látìgbà tí òyìnbó ti gbé rélùwéè dé ilẹ̀ yìí, ẹrù ló ń rù: wúrà Tarkwa àti ti Obuasi lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kòkó. Èèyàn kàn ń bá ẹrù wọ̀ ọ́ ni.

Màámi wo ojú irin náà títí ó fi fara pamọ́ sẹ́yìn igbó. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wọn, ìyẹn bàbá mi àgbà, ará Ogbómọ̀ṣọ́ ni. Tamale ni wọ́n ti ń ta wọ́síwọ́sí: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ tánganran. Ẹ̀yin tí bàbá yín gbé Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà, mọ ọjà yẹn dáadáa. Tí ọjà bá tán, wọ́n á bá lọ́rí sọ̀kalẹ̀ wá sí Kumasi, wọ́n á wọ rélùwéè ní Kumasi wá sí Accra láti rà sí i. Màámi tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọn dání. Ìyẹn bọ́ sí nǹkan bí ọdún 1953.

Wọ́n ní kíláàsì kẹta ni, àga onípákó, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n kúrò ní Kumasi, ilẹ̀ sì ti ṣú kí wọ́n tó rí iná Accra. “Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibùsùn ṣì ń sọ fàkà-fìkì.” Ìyá wọn ti wọ aṣọ tuntun fún wọn, àǹkárá pupa fòò, torí pé ọmọ ń lọ sí Accra. Wọ́n yọ orí jáde lójú fèrèsé bí gbogbo ọmọdé ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fi dé Koforidua, ẹyinná wẹ́wẹ́ tó ń ta bọ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì ti dá ihò sí èjìká aṣọ náà níbi mẹ́ta. Ihò kéékèèké, etí rẹ̀ dúdú, kò ju ojú ẹ̀wà lọ. Màámi fi ìka kàn án sí èjìká ara wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni pé aṣọ náà ṣì wà lọ́rùn wọn. Bàbá wọn kò bínú. Ó kàn ní kí wọ́n má sọ fún ìyá wọn pé fèrèsé ni.

Ọmọ mi bèèrè ohun tó ń mú ọkọ̀ yẹn rìn nígbà tí kò sí epo. Mo ní kó rántí ìkòkò omi àmàlà. Bí omi bá hó tán, ṣé kì í gbé ọmọrí sókè? Òun náà nìyẹn. Wọ́n á kó èédú sínú ààrò, ààrò á mú omi inú àgbá irin hó, ooru rẹ̀ á wá ọ̀nà àbáyọ, á máa ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn, ọ̀pá á máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa fi ṣọ́bìrì bọ́ iná lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tí ẹ ń gbọ́ mi gbọ́ dáadáa rèé: ilẹ̀ Gold Coast kò ní èédú tirẹ̀. Èédú Enugu wà lára ohun tí wọ́n ń rà fún rélùwéè wọn. Wọ́n á wà á ní Enugu, rélùwéè á gbé e dé Port Harcourt, ọkọ̀ òkun á kó o wá síhìn-ín. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísùú dé, ọjà yẹn kú. Nítorí náà, ẹyinná tó jó aṣọ Màámi ní Koforidua, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ará ilé wa ló jó o.

Ní Nsawam ni bàbá wọn ti ra búrẹ́dì fún wọn lójú fèrèsé. Ẹ ṣì mọ búrẹ́dì Nsawam. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó ń tà á á máa sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, igbá lórí, ọwọ́ kan gbé búrẹ́dì, ọwọ́ kejì ń gba owó, ọkọ̀ á sì ti ń lọ. Ìyàwó mi ní irú eré yẹn ṣì wà ní ìkóríta Atimpoku. Òótọ́ ni, a máa tó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n Shai Hills la kọ́kọ́ dé. Àwọn ìnàkí jókòó sẹ́bàá títì bí àwọn àgbà tó ń retí ìpàdé. Dírẹ́bà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè wò wọ́n. Ọ̀kan dìde, ó rìn wá, kò sáré rárá, ó na ọwọ́ gba fèrèsé wọlé, ó sì mú bísíkíìtì lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin. Ó jókòó, ó tú ọ̀rá rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ jẹ́ kó máa jẹ, owó bodè ni.” Ẹ̀rín pa wá títí dé Kpong.

Bí ẹ bá dé Atimpoku tí ebi ò pa yín, ẹ ṣe bí ẹni tí ebi ń pa. Kí táyà tó dúró, àwọn obìnrin ti bò wá: abọ́ ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín gbẹ, tó ń jẹ́ “one man thousand” torí pé ẹnì kan lè jẹ ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; edé tí wọ́n gún mọ́ igi; abolo nínú ewé. Màámi tú abolo kan. Ó funfun, ó rọ̀, ojú ewé fín sí i lára. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ní, “Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ìwúkàrà sí ni.” Wọ́n ra mẹ́wàá.

Afárá Adomi ló wà lókè orí wa níbẹ̀, irin tó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ. January ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i, ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Ghana gba òmìnira. Kó tó di ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń sọ èèyàn àti mọ́tò dá odò ní Senchi. Lábẹ́ afárá yìí la ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan dúnàádúrà. Ọkọ̀ rẹ̀ gùn, ó fi tapólì bò ó lórí, ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀. Ó fún gbogbo wa ní ẹ̀wù tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó. Màámi gbóòórùn tiwọn, wọ́n ní ẹja ló kú sínú ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Ọlọ́kọ̀ náà bá wọn sọ̀rọ̀ ní Twi pé òun ò ní tan ẹ́ńjìnnì àfi tí ìyá bá wọ̀ ọ́. Wọ́n dá a lóhùn ní Twi, Twi Kumasi tó jinlẹ̀, tí èmi tí mo ń gbé Accra látọdún yìí kò lè sọ ìdajì rẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, Màámi sì wọ ẹ̀wù náà.

Omi Volta níbẹ̀ kì í ṣe odò tó ń pariwo. Ó ń lọ jẹ́ẹ́, ó ní àwọ̀ ewé, ó tutù. Àgò irin tí wọ́n fi ń sin ẹja tìlápíà wà káàkiri lórí rẹ̀. A ṣẹ́rí sí ìsàlẹ̀ odò, afárá Adomi ń kéré lọ lẹ́yìn wa, ni a bá rí afárá kejì tó dábùú omi níwájú. Ti rélùwéè tuntun yẹn ni. Kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀ nígbà tí a kọjá. Ọlọ́kọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, omi ń gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀. Màámi gbójú sókè wo afárá náà. Wọ́n ní, “Ayé mi, rélùwéè lórí omi. Bàbá mi ì bá rí i.”

Ọlọ́kọ̀ wá ń fi ọ̀rọ̀ gbé wa ró. Ó ní kí òun tó ra ọkọ̀ yìí, alágbàrù lòun ní èbúté Akosombo, òun ń já iṣu nínú Yapei Queen. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà iṣu mọ ọkọ̀ yẹn: òun ló máa ń gbé èèyàn nígbà náà láti Akosombo lọ sí Kete-Krachi, títí dé Yeji, tó sì ń kó iṣu bọ̀. Bó ṣe pe orúkọ náà báyìí, Màámi yíjú padà kíá.

“Yapei? Èwo ni Yapei?”

Ó ní Yapei tó wà lọ́nà Tamale.

“Mo mọ Yapei.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọdún yìí wá, n kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Kí wọ́n tó kọ́ afárá sí Yapei, pọ́ńtúùn ni wọ́n fi ń sọdá. Lọ́rí á gun orí rẹ̀, èrò á dúró yí i ká, wọ́n á gbé e sọdá. Ní ọjọ́ kan tí Màámi àti bàbá wọn ń bọ̀ láti Kumasi, ìtòsí ọdún Iléyá, àgbò mẹ́rin wà lórí lọ́rí. Ọ̀kan já okùn, ó fò sínú odò. Gbogbo èrò pariwo, olówó àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àgbò náà kò wẹ̀yìn, ó wẹ̀ lọ sí òdìkejì, ó dúró sí etí omi lọ́hùn-ún, ó ń gbọn ara, ó ń retí wọn. “Nígbà tí a débẹ̀, ó tẹ̀ lé olówó ẹ̀ láìsí okùn. Bàbá mi ní ẹran yẹn sanwó ọkọ̀ dànù.”

Mo béèrè bóyá ọ̀nà Yeji náà ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní ìyẹn ni ọ̀nà àtijọ́: Ejura, Atebubu, Yeji, ẹ sọdá, Salaga, Tamale. Odò ni wọ́n ń sọdá ní Yeji nígbà náà. Lónìí, adágún ni.

Nígbà tí a gòkè dé Akosombo lọ́sàn-án, tí a dúró níbi tí èèyàn ti lè rí dáàmù, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé adágún yẹn fún àwọn ọmọ. Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù náà. Ní 22 January 1966 ni Ààrẹ Nkrumah ṣí i. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní 24 February, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí dáàmù sé tàn lọ sẹ́yìn ní nǹkan bí 400 kìlómítà, ó sì gba ilẹ̀ tó lé ní 8,000 kìlómítà níbùú lóòró. Abúlé tó lé ní 700 ló wọ inú omi. Èèyàn bí 80,000 ni wọ́n kó kúrò, wọ́n kọ́ ìlú tuntun 52 fún wọn. Kete-Krachi àtijọ́ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò gé igi inú igbó tán kí omi tó dé, nítorí náà kùkùté ṣì nà ró lábẹ́ omi títí dòní, ó sì máa ń gún ọkọ̀ ojú omi nídìí.

Àwọn ọmọ ń wo bí omi ṣe dá rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Màámi ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn. Wọ́n ní, “Wọ́n kó àwọn alààyè. Àwọn tí wọ́n ti sin ńkọ́?”

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣe fàájì gidi lórí adágún yìí. Ọkọ̀ kan wà, Dodi Princess, tó ń gbé èrò láti Akosombo lọ sí erékùṣù Dodi, àwọn onílù á máa kọ híláìfù lórí rẹ̀, wọ́n á máa sun adìẹ. Èmi àti ìyàwó mi wọ̀ ọ́ ní ọdún tí a ṣègbéyàwó. Òun ni mo rò pé ó jọ ti Connecticut jù ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Iná jó o ní ọdún 2012. Ìyàwó mi ṣì ní fọ́tò kan níbi tí mo ti ń jó, ó sì máa ń fi hàn àlejò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, àwọn ọmọ ti sùn. Ẹ̀gbọ́n mi àti Màámi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni Màámi pọ̀n sẹ́yìn ní ọdún 1969. Ẹ rántí, 18 November ọdún náà ni ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀ yẹn, ìlà méjì ni Màámi máa ń sọ: wọ́n ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ ní Tamale, wọ́n sì gba Aflao lọ sílé. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo gbọ́ tí wọ́n fi ìlà kẹta kún un. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ náà wà nínú àpótí wọn títí di báyìí.

Ní Afienya, ilẹ̀ ti ṣú. Ìmọ́lẹ̀ mọ́tò kọjá lára ojú irin tuntun náà, ó kọ mànà lẹ́ẹ̀kan. Màámi pè mí ní oríkì mi. Wọ́n ní, “Àjàní, ọjọ́ wo ni èyí máa ń gbéra?” Mo ní n ó bá wọn bèèrè. Wọ́n ní kí n bèèrè bóyá ó ní kíláàsì kẹta.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, aago méje òwúrọ̀, fóònù mi dún. Mo gbé e. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, “Ṣé o ti bèèrè?”

Màámi, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ ètò yìí, abolo tó kù sì wà lọ́wọ́ yín. Mo kí yín o. N kò tí ì bèèrè.